Ojú Ara Igi Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, àti ẹni tó ń dáko lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tó ń gbin ẹ̀gẹ́, tó sì ń gba igi rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí a bá kan ìṣó mọ́ igi máńgòrò ní déédé àyà lónìí, lẹ́yìn ogún ọdún, déédé àyà náà ni a ó ti bá a. Igi kì í ti ìsàlẹ̀ ga. Ṣóńṣó ẹ̀ka àti ti gbòǹgbò ni ó ti ń gùn, abẹ́ èèpo ni ó ti ń sanra.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ gbogbo ohun ọ̀gbìn, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà mú igi dàgbà. Èkínní, ní ṣóńṣó, ọ̀kan ń pín sí méjì, méjì ń di mẹ́rin. Èkejì, sẹ́ẹ̀lì tuntun ń fa omi, ó ń wú, ó sì ń gùn. Ìdí nìyí tí ọ̀dá fi ń dá ọ̀gbìn dúró. Ẹ̀kẹta, olúkúlùkù ń gba iṣẹ́ tirẹ̀: òmíràn di ewé, òmíràn di ọ̀nà omi, òmíràn ń pa oúnjẹ mọ́ sínú gbòǹgbò.

Wàyí o, irú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ ń sùn ní ojú kọ̀ọ̀kan lára igi ẹ̀gẹ́. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, yóò jí, yóò sì hù. Ẹ̀gẹ́ àtijọ́ náà ni ó ń bá ìdàgbà rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí àrùn mòsáìkì bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó ti bá wa dé oko tuntun. Àrùn yìí ni ó ń mú kí ewé ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, kí ó lọ́, kí ó sì súnkì. Gbòǹgbò kì í sì í tóbi bó ṣe yẹ. Kòkòrò funfun kékeré ń gbé e láti igi dé igi, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ó ń gbé e láti ìlú dé ìlú.

Ní IITA, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, àwọn onímọ̀ ń gé ṣóńṣó tí kò tó mìlímítà kan, nítorí àrùn kì í sábà dé ibẹ̀. Wọ́n ń tọ́ ọ nínú ìgò títí yóò fi di odindi ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde.

Àwa kò ní irú ìgò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a lè ṣe èyí:

1. Ẹ wo ewé nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà lóòró. Igi tí a ti gé, tí ewé rẹ̀ ti wọ́, kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.
2. Ẹ gé e lára ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù 8, ó kéré tán. Kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ojú 5 sí 7.
3. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra igi fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ìgbìmọ̀ rán ẹni méjì lọ wo oko náà kí owó tó jáde.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Oko ta ni a ti gba igi tí a gbìn kẹ́yìn? Ta ni ó rí ewé rẹ̀?