Ìwé Ìtàn Lórí Itan Òbí

Ọ̀pọ̀ wa ní Adó-Èkìtì níbí a máa tètè fi ọmọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, a ó sì rò pé iṣẹ́ wa ti parí. Kò tíì parí o!

Ẹ ra ìwé àlọ́ alàwòrán, kí ẹ gbé ọmọ lé itan lálẹ́. Ẹ má sáré kà á tán. Ẹ dúró níbi àwòrán, ẹ bi í pé, “Kí ni Ìjàpá fẹ́ ṣe yìí?” Bí ó bá fi èdè Èkìtì dáhùn, ẹ má bá a wí, ṣebí èdè ilé rẹ̀ ni.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìwé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: ọdún 6 ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá kan ní òun kò kàwé, alẹ́ ni òun sì máa ń ti Ọjà Ọba dé. Màmá, àwòrán kò bi yín léèrè ìwé mẹ́fà! Ẹ sọ àlọ́ tí ẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ka ìyókù. Bí oorun bá gbé ọmọ lọ, ẹ pa ìwé dé, ó di ọ̀la.