Ìgbàgbọ́ Ló Ń Gbani Là, Kì Í Ṣe Òfin

Ẹ̀kọ́ kíkà: Gálátíà 2:11-21, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:1-11

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló dá èdè-àìyedè sílẹ̀ láàárín àpọ́sítélì méjì ní Áńtíókù. Pétérù ti ń bá àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù jẹun pọ̀. Nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ẹ̀rù bà á, ó sì fà sẹ́yìn. Àwọn Júù yòókù tẹ̀lé e, títí kan Bánábà pàápàá. Pọ́ọ̀lù kò fi bò. Níwájú gbogbo wọn ló ti bá Pétérù wí.

Kí ló dé tí ó fi le tó bẹ́ẹ̀? Pétérù kò sẹ́ Jésù lọ́jọ́ náà, kò sì wàásù ẹ̀kọ́ èké. Àwo oúnjẹ rẹ̀ nìkan ló gbé kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn ń sọ fún àwọn ará tí kì í ṣe Júù pé ìgbàgbọ́ nínú Kírísítì kò tó, àfi bí wọ́n bá pa òfin àwọn Júù mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ikú Jésù kò kájú ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ní irú ìtàn yìí nínú ilé ara wa. Nígbà tí John Wesley wà ní Oxford, a máa gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, a sì máa bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ní 1735 ó wọkọ̀ ojú omi lọ wàásù ní Georgia ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, 1738, ní ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ó mọ̀ dájú pé Kírísítì ti gba òun là, òun gan-an.

Ṣé ó wá pa ààwẹ̀ àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tì? Rárá. Nígbà tí àwọn kan ń kọ́ni pé kí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé má ṣe wá sí tábìlì Olúwa, Wesley yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 1740. Ọ̀nà odò kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní torí ìyẹn kọ ọ̀nà odò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ wa. Aṣọ ẹgbẹ́ dára, ó ń fi ìṣọ̀kan hàn. Owó ẹgbẹ́ dára, òun la fi ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n bí opó kan kò bá rí owó aṣọ, tí ó wá jókòó sílé ní Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá nítorí ìtìjú, àwo Pétérù ti tún kúrò lórí tábìlì nìyẹn. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi aṣọ gba ìgbàlà.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí kò yọjú mọ́ lọ sílé rẹ̀. Kí a má ṣe mẹ́nu kan gbèsè. Kí a mú un dání wá, kí a sì jókòó tì í.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Ta ni Pétérù ń bẹ̀rù? Ta ni àwa náà ń bẹ̀rù?
2. Èwo nínú àṣà ẹgbẹ́ wa ló ń mú ènìyàn súnmọ́ Kírísítì? Èwo ló ń lé wọn sẹ́yìn?

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí àyè wà lórí tábìlì wa fún gbogbo ẹni tí ìwọ ti pè. Àmín.