Bí Apá Kan Nínú Ìdánwò Bá Kù Díẹ̀ Káàtó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a fi òwe yìí yẹ ọ̀rọ̀ ìdánwò wò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, tí ó ti ṣíwájú mi gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, ṣe ìdánwò GRE, èyí tí ọ̀pọ̀ Yunifásítì ní Amẹ́ríkà ti ń lò láti fi yan àwọn tí ó fẹ́ kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Apá mẹ́ta ni ó ní: èdè, ìṣirò àti àròkọ. Láti 130 dé 170 ni máàkì èdè àti ti ìṣirò. Ti àròkọ kò ju 6 lọ. Ọ̀rẹ́ mi gba 166 nínú ìṣirò àti 157 nínú èdè, ṣùgbọ́n 3 péré ni ó gba nínú àròkọ. Ojú tì í, ó sì fẹ́ tún un ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì rèé, owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ó wá bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ni a jọ gbé yẹ̀wò.

Èkíní: ǹjẹ́ a lè tún apá kan ṣoṣo ṣe? Rárá o. Ẹni tí ó bá padà lọ yóò ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58 ni ó ń gbà. Òfin gba ènìyàn láàyè láti tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 21, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. A lè yan máàkì ọjọ́ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò lè mú ìṣirò ti ọjọ́ kan pọ̀ mọ́ àròkọ ti ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, bí àròkọ bá gòkè tí ìṣirò sì wálẹ̀, èrè dà?

Èkejì: ta ni yóò wo máàkì náà? Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò kì í sábà wo ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka lítíréṣọ̀. Àwọn ẹ̀ka mìíràn kò tilẹ̀ bèèrè GRE mọ́. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n kí ẹ tó náwó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó gbé wa ṣubú? Bí ó bá ṣe àìsàn ni, tàbí àìmọ bí a ti ń pín àkókò, ó ní àtúnṣe. Ìṣẹ́jú 30 ni a fún àròkọ kan náà. Ẹni tí kò bá fi aago dánra wò yóò kù sójú ọ̀nà. Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò náà ní ìdánwò ìdánrawò tí a kò sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìdánrawò kò bá fi hàn pé a ti gòkè, ẹ jẹ́ kí owó jókòó sápò.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ó ń fẹ́. Wọ́n dáhùn pé ìṣirò ni àwọn ń kọ́kọ́ wò, àti pé àwọn yóò fara balẹ̀ ka lẹ́tà tí olúkúlùkù fi ń sọ ìdí tí ó fi fẹ́ kàwé. Kò tún ìdánwò ṣe mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi kọ lẹ́tà náà, tí ó ń tún un kọ, tí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan sì ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí ó ti kùnà gan-an ni ó tún ṣe, láìsan kọ́bọ̀.

Bí mo ti ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti wọlé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ìdí gidi bá wà, ẹ padà lọ láìbẹ̀rù. Bí ó bá ṣe ìtìjú nìkan ni, ẹ má jẹ́ kí ó rán yín padà sí gbọ̀ngàn ìdánwò.