Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àròkọ Oníròyìn – "Àkàrà Òyìnbó Àfọwọ́ṣe tí Mo Jẹ ní Ilẹ̀ Òkèèrè"

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá wo orí ọ̀rọ̀ yìí, ó lè ṣe ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn. Ta ni kò mọ oúnjẹ jẹ? Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo rí i pé irú rẹ̀ a máa gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ a kọ ọ́ pé, "Oúnjẹ náà dùn púpọ̀," wọn a sì tún gbólóhùn kan náà kọ ní ọ̀nà mẹ́rin títí ojú ìwé yóò fi kún. Olùyẹ̀wò kò sí níbẹ̀ nígbà tí o jẹun. Ìwọ ni kí o jẹ́ kí ó rí i, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sì mọ ìdí tí o kò fi gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí o ní láti fi sọ́kàn

1. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí o ròyìn, bí ó ti tẹ̀ léra. Má ṣe sọ àròkọ rẹ di ìwé ìlànà oúnjẹ sísè.
2. Mú oúnjẹ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.
3. Ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ẹni tí ó lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Kútọnú tàbí Àjàṣẹ́, tí wọ́n yan nǹkan fún un jẹ nínú ilé, ti ní ohun tí yóò kọ.

Ìlapa èrò

(a) Ibi tí mo lọ, àti bí ọkàn mi ti rí.
(b) Bí àkàrà náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi.
(d) Bí a ṣe yan án, àti ohun tí mo gbọ́.
(e) Ohun tí mo rí kọ́.

Àpẹẹrẹ àròkọ

Oṣù Ọ̀wàrà ni mo dé ìlú Exeter, ní agbègbè Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òtútù mú mi dé eegun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ ju òtútù lọ ni pé mo ń kí àwọn ènìyàn ní òpópónà, wọn kò sì dá mi lóhùn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa ni. Ó gbé àwo kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó ní òun yan àkàrà òyìnbó kékeré tí wọ́n ń pè ní scone, ó sì pọ̀ jù fún òun nìkan. Mo kọ́kọ́ ṣiyè méjì, nítorí ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé n kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Ó yà á lẹ́nu, ó bi mí bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Àkàrà náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Òkè rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ funfun, ó sì ń rú èéfín nígbà tí mo là á sí méjì. Ìyá náà kọ́ mi pé ní Devon, ọ̀rá wàrà tí ó ki ni a kọ́kọ́ ń fi pa á, kí a tó fi jáàmù lé e. Ó ní àwọn ará Cornwall, aládùúgbò wọn, jáàmù ni wọ́n fi ń ṣáájú. Bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni ó ṣe sọ ọ́.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó pè mí wọ ilé ìdáná rẹ̀. A fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun títí ó fi dà bí gààrí, a bu ṣúgà díẹ̀ àti pauda tí ń mú ìyẹ̀fun wú sí i, a sì fi mílíìkì pò ó. Ó ní ará Birmingham kan tí ń jẹ́ Alfred Bird ni ó ṣe irú pauda bẹ́ẹ̀ ní 1843, nítorí pé ìwúkàrà kò bá ara ìyàwó rẹ̀ mu. A gbé e sínú ààrò gbígbóná. Kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ tí ó fi jinná. Mo kà wọ́n: méjìlá ni. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnìkan ṣoṣo ń yan méjìlá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ogójì ọdún ni òun fi ń yan méjìlá fún òun àti ọkọ òun ní ọjọọjọ́ Sátidé. Ọkọ òun kú ní oṣù Èbìbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò tí ì mọ mẹ́fà yan.

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ní ilé wa, à bá wí pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ṣùgbọ́n n kò rí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ ọ́. Mo sáré lọ mú kókóró tí ìyá mi dì fún mi láti ilé, èyí tí mo ti ń ṣọ́ jẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo da ìdajì rẹ̀ sínú àwo rẹ̀. Ó ń tì í bọ inú tíì kí ó tó lè rún un. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àìdáhùn ìkíni ní òpópónà kì í ṣe ìkórìíra. Ìkíni tiwọn a máa pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ tèmi, inú àwo ni ó wà, ó sì gbóná.

Àkíyèsí

Ǹjẹ́ o rí i pé òǹkọ̀wé kò sọ níbì kan pé àkàrà náà dùn? Síbẹ̀ ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wo iye àkàrà náà pẹ̀lú: méjìlá yìí ni ó gbé gbogbo àròkọ náà ró. Ẹni tí ó bá kọ "púpọ̀" dípò rẹ̀ ti sọ ẹ̀mí ìtàn náà nù. Má ṣe kọ́ àròkọ yìí sórí lọ sí yàrá ìdánwò. Olùyẹ̀wò yóò mọ̀. Wá "méjìlá" tìrẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Tọ́ka sí ibi mẹ́ta tí òǹkọ̀wé ti lo ojú tàbí ọwọ́ láti ṣàpèjúwe.
2. Ṣe ìlapa èrò fún: "Oúnjẹ kan tí àlejò fún mi jẹ."
3. Kọ àròkọ náà jáde láìwo ìwé yìí, kí o sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ.