Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́: Ní ti Káàdì, Tẹlifóònù, àti Ọmọ tí ó Dákẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Olùkọ́ a parí àlàyé rẹ̀ lára pátákó, a gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, a yíjú sí àwọn ọmọ, a sì wí pé, “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì a sì dáhùn bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní: “Ó yé wa, sà!” Ọdún púpọ̀ ni mo fi bèèrè ìbéèrè yìí, ọdún púpọ̀ náà ni mo sì fi gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni bí mo ti ṣe dẹ́kun àti gbà á gbọ́.

Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ ní ìṣirò nígbà náà, ẹ̀kọ́ wa sì jẹ́ ti ìdá. Mo ya iṣu sára pátákó, mo pín in sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin. Ó yé wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà mo ti pín káàdì fún olúkúlùkù wọn, nítorí náà mo bi wọ́n léèrè pé: èwo ni ó tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin? Wọ́n gbé káàdì sókè, mo sì fi tẹlifóònù mi wò wọ́n yíká. Ó ju ààbọ̀ kíláàsì lọ tí ó mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo pe ọ̀kan nínú wọn kí ó ṣe àlàyé, ó sì dá mi lóhùn láìṣiyèméjì pé, “Sà, mẹ́rin ju mẹ́ta lọ.” Ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ga jù nínú “ó yé wa” wà nínú àwọn tí ó ṣì í. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì nawọ́ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà wà nínú àwọn tí ó gbà á. N kò mọ èyí tí ó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ó yẹ kí n sọ bí káàdì náà ti rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rò pé ohun olówó iyebíye ni. Plickers ni orúkọ rẹ̀. Bébà lásán ni, tí a tẹ àmì dúdú kan sí, ti olúkúlùkù ọmọ sì yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni àmì náà ní, a sì kọ A, B, C, àti D sí ẹ̀gbẹ́ wọ̀nyí ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, kí ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ má bàa rí i. Ọmọ tí ó bá fẹ́ dáhùn B yóò yí káàdì rẹ̀ kí B lè wà lókè. Olùkọ́ nìkan ni ó nílò tẹlifóònù: yóò na kámẹ́rà rẹ̀ sí kíláàsì, ẹ̀rọ yóò sì ka gbogbo káàdì náà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò fi orúkọ olúkúlùkù hàn án àti ohun tí ó mú. A lè rí ògójì káàdì tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, òmíràn sì wà tí ó tó 63 fún kíláàsì tí ó kún. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá dídán bò wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ a máa kọ lára rẹ̀, kámẹ́rà kì í sì í rí àmì náà mọ́. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ìka bo àmì.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn ohun èlò yìí dàgbà ju tẹlifóònù alágbèéká wa lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eric Mazur, tí ó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe ìṣirò tí ó le, ṣùgbọ́n nígbà tí òun bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré ní ọ̀rọ̀ lásán, ẹsẹ̀ wọn kò múlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi í léèrè bóyá kí òun dáhùn gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ wọn, tàbí gẹ́gẹ́ bí òun fúnra òun ti rò ó. Láti ọdún 1991 ni ó ti yí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ padà: yóò bèèrè ìbéèrè kan, olúkúlùkù yóò yan ìdáhùn láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò ní kí wọ́n yíjú sí ẹnìkejì wọn kí wọ́n jiyàn rẹ̀, wọn yóò sì tún yàn lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 1997 ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìdá iṣu yẹn. N kò sọ ẹni tí ó gbà á. Mo ní kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Ariwo sọ, ó jọ ọjà, olórí ilé-ẹ̀kọ́ sì yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọmọ kan ń wí fún èkejì pé, “Bí àwa mẹ́rin bá pín iṣu kan, ṣé ti ìwọ yóò pọ̀ ju bí ó bá ṣe àwa mẹ́ta lọ ni?” N kò lè sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé káàdì sókè, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù tí ó ṣì í, mo sì mọ orúkọ wọn, nítorí náà mo pe wọ́n sọ́dọ̀ ara mi nígbà ìsinmi.

Òmíràn wà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, èyíinì ni Kahoot, tí ó ti Norway wá, tí ó sì di ti gbogbo ayé láti ọdún 2013. Nínú rẹ̀, ìbéèrè yóò hàn lára ògiri, olúkúlùkù ọmọ yóò sì tẹ ìdáhùn lórí tẹlifóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ mẹ́rin àti àwòrán mẹ́rin ni wọ́n fi ń yàn. Orin ń dún, máàkì ń gòkè, àwọn ọmọ a sì máa yọ̀ bí ẹni tí ó ń wo bọ́ọ̀lù. N kò kórìíra ayọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yára tẹ̀ ni ó ń gba máàkì jù, orúkọ àwọn tí ó ṣíwájú ni a sì ń kọ hàn. Ọmọ tí ó ń ronú pẹ́ a kọ́ láti máa tẹ ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fa àkókò ìbéèrè gùn, kí ẹ sì pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin lórí ẹ̀rọ kan, nítorí mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ní tẹlifóònù?

Ní ti ìṣàkóso ìwà nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ mi yóò le díẹ̀. ClassDojo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, a máa jẹ́ kí olùkọ́ fi máàkì fún ọmọ tí ó hùwà rere, kí ó sì yọ máàkì lára ẹni tí ó ṣe àìdára, òbí náà sì lè rí i láti ilé. Ìròyìn fún òbí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa fi gbogbo rẹ̀ hàn lára ògiri, kí gbogbo kíláàsì máa wo bí ti ọmọ kan ti ń dín kù. Èyí kò yàtọ̀ sí fìlà ìtìjú tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ ń dé fún ọmọ ní igun ilé. Ìyìn ni kí a sọ lójú gbogbo ènìyàn. Ìbáwí, ìkọ̀kọ̀ ni. Òfin ààbò ìsọfúnni tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 sì fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó gba ìsọfúnni ọmọdé sílẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ má ṣe rò pé wọn yóò gbà.

Ẹnìkan lè wí pé kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olówó. Kí ó rántí pé láti ọdún 2015 orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ adájọ́ ni yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà ní ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ ẹni tí kò fọwọ́ kan án rí.

Àwọn ìṣòro wa kò fara sin. Iná a máa lọ. Nítorí náà ẹ gba agbára sí bátìrì ní alẹ́. Détà wọ́n; ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo ń lò nínú ẹ̀kọ́ kan, wọn kì í sì í jẹ púpọ̀. Ibi tí ìfà wà gan-an ni kíkọ ìdáhùn tí kò tọ́. Ẹ má ṣe kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ sí i. Ẹ kọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe ní tòótọ́, irú èyí tí ó wí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ọmọ bá mú un, ẹ ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Alẹ́ odindi ni èyí ń gbà mí nígbà mìíràn.

Bí kò bá sí tẹlifóònù rárá, ẹ gé páálí, ẹ kọ A, B, C, D sí i, tàbí kí ẹ lo síléètì bí a ti ń lò ó látijọ́. Kí gbogbo wọn gbé e sókè nígbà kan náà, kí ẹ sì ka iye wọn. Ohun kan ni ẹ ó pàdánù: ọmọ lè wo ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sí àyà, kí ẹ tó pàṣẹ pé kí wọ́n yí i sóde.

Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í nawọ́ títí di ìsinsìnyí. Mo ti yí ìjókòó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ ga, àwọn méjèèjì sì ń jiyàn.