Ẹ Má Sọ Gbogbo "Run" Di Sáré

Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì run, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, jókòó tì í, oṣù mẹ́sàn-án ló gbà á. Ìtumọ̀ 645 ló rí fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ọdún 2011 ni ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀. Set ló ń ṣe aṣáájú tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ 430 nínú ẹ̀dà ọdún 1989. Ẹ̀rọ wà lára ohun tó sọ run di ńlá: ọkọ̀ ojú irin dé, wọ́n ní ó ń run, ẹ́ńjìnnì dé, ó ń run, kọ̀ǹpútà dé, òun náà ń run. Àwa tí à ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá lójoojúmọ́, lórí rédíò, ní kíláàsì, ní ilé ìwòsàn, ló yẹ ká ṣọ́ra fún un jù, nítorí sáré ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lẹ́nu.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lanu. Bó bá jẹ́ imú ló ń run, imú ń dà ni. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń ṣàn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń run ń ṣiṣẹ́. Àdìrẹ tuntun tó run nínú omi ìfọṣọ, aró rẹ̀ ló ṣí. Epo tó run out ti tán. Ẹni tó ń run ṣọ́ọ̀bù ló ń bójú tó o. Àìsàn tí wọ́n ní ó ń run nínú ẹbí, wọ́n ń bí i mọ́ wọn ni.

Ẹ má sọ pé olóṣèlú "ń sá fún" ipò. Èyí ló burú jù lójú mi. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa sọ pé èèyàn ń run fún ipò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn a ní ó stand, ìyẹn ni pé ó dúró. Ọ̀kan ń sáré, èkejì dúró, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń wá. Bí akọ̀ròyìn wa bá wá sọ pé lágbájá ń sá fún ipò gómìnà, ohun tí ìyá tó ń gbọ́ rédíò nílé yóò mú níbẹ̀ ni pé lágbájá kò fẹ́ ẹ, ó ń yẹra fún un. Òdìkejì ìròyìn gan-an ló gbọ́ yẹn! Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún un: ó ń dupò, ó ń díje, ó gbé àpótí ìbò. Ẹni tí wọ́n ń pè ní running mate, igbákejì rẹ̀ ni. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ẹni tó ń dupò ààrẹ fa ọ̀kan kalẹ̀ dandan.

Ẹ kọ́ṣẹ́ lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1843, wà lára wọn. Nínú Sáàmù 23, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James (1611) lo run fún ago onísáàmù. Àwọn bàbá wa kò jẹ́ kí ago kankan sáré. Kíkún ni wọ́n ní ó kún, títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí láyé rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì yé e kedere.

Ẹ má kọ "sísáré báǹkì". Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, àwọn oníbàárà tò lọ gbọọrọgbọ níwájú báǹkì Northern Rock ní Britain láti gba owó wọn. Bank run ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ orí ìlà ni àwọn èèyàn náà dúró sí. Ẹ sọ pé wọ́n rọ́ lọ kó owó wọn kúrò ní báǹkì.

Ẹ fi "ń lọ lọ́wọ́" sọ eré tó pẹ́ lórí ìtàgé. The Mousetrap, eré Agatha Christie, ti ń run ní London láti 1952. Àrùn kòrónà ló dá a dúró ní 2020 kí wọ́n tó tún gbé e dìde.

Ẹ má gbé "runs" ti Èkó dé London. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní runs ní ọ̀nà tó ń gbà rí owó lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é.

Ẹ fara balẹ̀ gidigidi ní ilé ìwòsàn. Dókítà lè lo run lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan: wọ́n ti run àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, màmá ti ń run ibà fún ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wọn sì ti run out. Ohun tó yẹ kí màmá gbọ́ rèé: "Màmá, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ara yín ti ń gbóná. Oògùn yín sì ti tán." Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bá òbí yín túmọ̀ níwájú dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bí run kan bá rú yín lójú, ẹ ní kí dókítà tún un sọ lọ́nà mìíràn kí ẹ tó yíjú sí màmá. Ohun tí ẹ bá sọ ni wọn yóò fi lo oògùn.