Dídá Iye Owó Lé Igi Tó Wà Láàárín Ilé

Igi máńgòrò méjì lè tóbi bákan náà, kí owó gígé ọ̀kan sì tó ìlọ́po márùn-ún ti èkejì. Onílé á ní, "Ẹ fẹ́ yàn mí jẹ! Ṣé igi kọ́ nìgbà yìí ni?" Ẹ̀kọ́ yìí wà fún agégi tó ń dá owó lé iṣẹ́, ó sì wà fún onílé tí yóò san án.

Ẹ jẹ́ ká mú igi méjèèjì náà yẹ̀ wò. Èkíní wà lóko, koríko nìkan ló yí i ká. Èèyàn mẹ́ta lè gé e lulẹ̀, kí wọ́n sì là á wẹ́wẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó òòjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Èkejì wà ní ẹ̀yìnkùlé kan nílùú Ìbàdàn. Òrùlé páànù wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ògiri ọgbà aládùúgbò wà lósì, kànga wà níwájú, wáyà iná sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Igi yìí kò ní ibi tí yóò wó sí. Láti òkè la ó ti máa gé e wá, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ká ní èèyàn márùn-ún fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é, owó òòjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. A kò tíì ka okùn, bẹntiróòlù àti ọkọ̀ tí yóò kó igi lọ.

Nítorí náà, kí agégi má ṣe dá owó lé igi tí kò tíì fojú rí. Kí ó rìn yí i ká. Kí ó fi kùmọ̀ gbá ìdí rẹ̀ bóyá ó ti dá ihò sínú, kí ó wò ó bóyá ikán wà níbẹ̀ tàbí olú hù sí i. Igi tó ti jẹrà kò ṣeé gùn, owó rẹ̀ yàtọ̀. Kí ó wo òkè náà nítorí oyin àti agbọ́n.

Báyìí la ṣe ń mọ gíga igi níbi ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ na apá yín, kí ẹ di ọ̀pá kan mú ṣánṣán. Kí èyí tó yọ lókè ọwọ́ yín gùn tó láti ojú yín dé ọwọ́ náà. Ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ìsàlẹ̀ èyí tó yọ náà yóò fi bá ìdí igi dọ́gba lójú yín, tí orí rẹ̀ yóò sì bá téńté igi dọ́gba. Láti ibẹ̀ dé ìdí igi ni gíga rẹ̀. Ohun tó bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, igi lè wó lù ú. Kí àwọn tó ń wòran jìnnà tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ẹ̀ka. Ìtì igi tútù tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní ìdajì mítà, lè wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sí mẹ́rin. Òrùlé wo ni yóò gbà á?

Wáyà iná ló le jù. Wáyà mẹ́ta tó wà lókè òpó gíga sábà máa ń gbé iná 11,000 fólítì tàbí 33,000. Èyí tó ń wọ ilé wa kò ju bíi 230 lọ, ó sì ń pa èèyàn. Ti òkè yẹn kò tilẹ̀ dúró de ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án: bí ẹ̀ka tàbí àkàbà onírin bá sún mọ́ ọn jù, iná lè fò bọ́ sí i. Omi wà nínú igi tútù, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn tó bá rin, bákan náà ni.

Àwọn kan á ní, "Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ tètè gùn ún." Ọ̀rọ̀ ikú nìyẹn. Ẹni tó mú iná lọ lè dá a padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ewu kejì tún wà: bí aládùúgbò bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ iná ilé rẹ̀ láìkọ́kọ́ já ilé náà kúrò lára wáyà ìta, iná jẹnẹrétọ̀ yóò gba wáyà jáde sórí òpó. Bó bá wá gba inú tiransifọ́má padà, agbára rẹ̀ á di ńlá.

Ilé-iṣẹ́ iná ni kí ẹ lọ bá. Láti ọdún 2013 ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti gba iṣẹ́ pípín iná, IBEDC ló wà ní Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA lẹnu wa ṣì ń pè. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ jọ dá ọjọ́. Kí òṣìṣẹ́ wọn pa iná ọ̀nà náà, kí ó dán an wò, kí ó so wáyà náà mọ́ ilẹ̀, kí ó sì dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ̀ka tó bá ti kan wáyà, iṣẹ́ tiwọn ni. Ọjọ́ tí a fi dúró dè wọ́n wà lára owó. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ tún gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK kí ẹ tó gé igi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àdéhùn yín sínú ìwé: ta ni yóò kó igi lọ? Ta ló ni ìtì igi náà? Ṣé a ó hú kùkùté? Bí páànù bá fọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Kí onílé àti agégi jọ fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan.

Ìṣirò: Èèyàn mẹ́rin fi ọjọ́ méjì gé igi àgbálùmọ̀ kan. Ṣáájú ìyẹn, èèyàn méjì ti fi ọjọ́ kan dúró de òṣìṣẹ́ iná. Owó òòjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀? Náírà mélòó ni yóò jẹ́ ládùúgbò yín?